Àkànní Inú Fíìmù

Káfíńtà ni Adéníjì, ará Ìkirè tó ń kan bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ní Lokogoma. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ má bá a ṣàwàdà lórí Fèyí, ìyàwó rẹ̀. Kai! Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ti Adéníjì tún wá lé kan.

Lọ́dún 2016, ìjọ wọn ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan nípa ọkọ tó ń jowú. Fèyí ṣe ìyàwó, Olúwakáyọ̀dé, òṣìṣẹ́ ìjọba, sì ṣe ọkọ. Adéníjì fúnra rẹ̀ ló yá wọn ní tábìlì oúnjẹ. Ó ní eré lásán ni, òun gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ inú rẹ̀ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ wá àlè, orí rẹ̀ sì há síbẹ̀. Fèyí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ní, "Àkànní, ẹ jáde wá jẹun." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kú mọ́ Adéníjì lẹ́nu. Oríkì rẹ̀ mà nìyẹn! Ọdún méje rèé tí Fèyí ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn, òun ló wá ń fi pe ọkùnrin mìíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi fẹnu kan oúnjẹ ilé, búrẹ́dì ló ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin tó bá kọ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán, ó ku kí wọ́n pe ẹbí. Ẹ̀rù ló sì ń bà á, pé ìfẹ́ Fèyí ti kúrò lọ́dọ̀ òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Fèyí gbé ẹ̀bà sílẹ̀. "Bàbá Shalom, kí ni mo ṣe?"

"Oríkì mi lo gbé fún ẹlòmíràn."

Fèyí ní, "'Olówó orí mi' ni wọ́n kọ sínú ìwé eré náà fún mi. Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn ni mo kúnlẹ̀ sí, ẹnu mi sì ya síbi tó mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má pè yín bẹ́ẹ̀ mọ́, lọ́jọ́ tí a sin Màmá yín, tó máa ń pè yín bẹ́ẹ̀? Ẹ ní ẹni tó bá tún pe Àkànní, ojú ọgbẹ́ yín ló ń tẹ̀. Ọdún méje ni mo ti ń gbé e mì."

Họ́wù! Adéníjì ti gbàgbé. Òun ló tilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, òun náà ló tún ń bínú pé wọn ò jẹ́ kí òun wọlé. Ojú tì í, àánú obìnrin náà sì ṣe é.

Ó fọ ọwọ́, ó sún mọ́ àwo. "Pè mí."

"Àkànní."

Adéníjì bú sẹ́kún. Ẹ̀bà ti tutù kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́.