Alhaji Púlọ́ńbà àti Kápúsù Àárọ̀ Jímọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ nípa Alhaji Abdulganiyu púlọ́ńbà, ọ̀dọ̀ mi ló tọ́ kó wá. Ogójì ọdún la ti jọ ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tí n kò mọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀. Láti Ọ̀fà dé Ìlémọ̀nà, ilé tí omi ẹ̀rọ bá ti ń yọ dáadáa, òun ló ri páìpù ibẹ̀. Ó lè gbé etí lé ògiri kó sọ ibi tí omi ti ń jò. Mo ti rí i tó ṣe é láti òdìkejì títì.

Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ràn ju iṣẹ́ lọ ni ipò Lèmọ́mù mọ́sáláṣí kékeré àdúgbò wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣíwájú wa.

Lọ́dún tó kọjá, ìtọ̀ sé mọ́ ọn nínú. Ẹran kékeré kan wà lọ́rùn àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí àwọn dókítà ń pè ní póróstéètì. Bí àgbà bá ti ń dé, ó ń wú, á sì fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi o. Ìwé ìṣègùn kan tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù ni mo kà tán láàárín Jímọ̀ kan sí èkejì. Ní ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ara rẹ̀ dé inú àpò ìtọ̀, wọ́n so báàgì tí ìtọ̀ á máa dà sí mọ́ itan rẹ̀, wọ́n ní kó máa wá pààrọ̀ rẹ̀ títí yóò fi kàn án láti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Rọ́bà yìí ló gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ láìdúró lè kírun tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣíwájú ẹlòmíì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, tó lọ dúró ní ìlà ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣíwájú. Mo ṣe é dáadáa. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń pa ẹ̀rọ wọn láti gbọ́ ohùn mi. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ wà ní ibi tí mo dúró sí.

Òórùn ló ń dà á láàmú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nínú mọ́sáláṣí ńlá, èjìká ń kan èjìká. Ó ní, "Ọkùnrin kan yínmú, ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Kí n má purọ́, èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn: kó máa lo kápúsù apakòkòrò méjì láàárọ̀ Jímọ̀, kí ìtọ̀ lè mọ́ fún ìrun. Òórùn náà dínkù lóòótọ́. Nígbà tí kápúsù pupa-àti-dúdú kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó bọ́ sí aláwọ̀ ewé, ó tún bọ́ sí oníhóró funfun. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ni ibà gbé e dè. Ó gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rìn láti ògiri kan dé èkejì. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n gba ìtọ̀ láti inú tuntun, wọ́n gbìn ín sínú àwo bí ẹni gbin ẹ̀fọ́, wọ́n wá ń dán oògùn wò lórí kòkòrò tó hù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Sister Tolúlọpẹ́ gbé ìwé èsì dé.

"Daddy, oògùn méjìlá la dán wò. Mọ́kànlá ni kò jẹ́. Kí lẹ ti ń lò nílé?"

"Kò sí," ni Alhaji wí.

Khàdíjàt ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ kalẹ̀. "Sister, ẹ bi í nípa àárọ̀ Jímọ̀!"

"Khàdíjàt!"

"Ẹ má pè mí, Alhaji. Ọ̀rẹ́ yín tó di dókítà láìwọ géètì iléèwé ni kẹ́ ẹ pè."

Gbogbo wọn wò mí. Mo gbójú sókè wo fáànù.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. "Kápúsù méjì lọ́sẹ̀? Ẹ ò pa wọ́n, Daddy, ẹ kàn ń kọ́ wọn níjà ni. Èyí tó rọ kú, èyí tó le kù, ó sì bímọ. Òórùn nìkan kì í ṣe àìsàn. Omi lẹ bá máa mu, kẹ́ ẹ máa da báàgì nù kó tó kún. Inú rọ́bà yẹn, wọ́n ti fi nǹkan yíyọ̀ kọ́lé síbẹ̀, oògùn kì í wọ̀ ọ́."

"Bí inú páìpù àtijọ́," ni Alhaji wí. "Èmi náà kì í da oògùn sí irú ẹ̀ fún oníbàárà. Mo máa ń yọ páìpù ni."

Dókítà Oyètúndé tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. "N kò lè fọ̀bẹ kàn yín báyìí, Alhaji. Bí kòkòrò yìí bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ lè má jí. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù, ọjọ́ méje gbáko. Bí ìyẹn bá kọ̀, n kò ní òmíràn."

"Rọ́bà á wá wà lára mi títí nìyẹn?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Alhaji kọjú sí ògiri.

Mo jáde, mo lọ sílé àwọn ọkùnrin méjì míì tó ní rọ́bà, tí mo ti júwe kápúsù fún. Tíṣà Adétóyè, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ti sọ tirẹ̀ di ti àárọ̀ Sunday. "Ìwọ lo júwe ẹ̀," ó ní, "ìwọ lo tún wá gbà á?" Mo gbà á. Mo kó páálí kápúsù àwọn méjèèjì sápò.

Ọjọ́ Jímọ̀ bọ́ sí ọjọ́ kẹrin abẹ́rẹ́. Ibà ti lọ, Alhaji sì fẹ́ lọ kírun. "Ara mi ti yá."

Khàdíjàt ní, "Ṣebí gbogbo Jímọ̀ tó kọjá náà lara yín ń yá." Alhaji kírun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gba abẹ́rẹ́ méjèèje pé, oògùn náà sì jẹ́.

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà, ó tọ̀ fúnra rẹ̀. A gbọ́ ọ dé géètì ọsibítù. Fún oṣù kan àti ààbọ̀, ìtọ̀ ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀, nítorí náà kò kúrò ní ìlà ẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan, mo ti dúró níwájú fún Àláásàrì, mo fẹ́ gbọ́wọ́ sókè, ni mo gbọ́ tí wọ́n ń yàgò lẹ́yìn mi. Alhaji ló ń bọ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó gbẹ, ó mọ́.

Mo sún sẹ́yìn.

"Ìtọ̀ tó ń kán ti dá?" ni mo bi í.

"Ó ti dá láti ọjọ́ mẹ́wàá. Mo kàn ń dúró kó dá mi lójú ni."

Ó bọ́ síwájú, ó ní ká tò dáadáa, ó sì kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun.