Àdá Tí A Fi Ránṣẹ́ sí Ilé Tó Ni Àmì Náà

Mo rántí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan rì sínú ẹrẹ̀ níwájú agbẹ̀dẹ bàbá ọkọ mi, ní abúlé wa lẹ́bàá Ọ̀tùn. Òjò ti lu ọ̀nà náà di ògì. Irin ńlá kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀hún, wọ́n fi tapólì bò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo wa sì jáde lọ wò ó. Wọ́n ní ẹ̀rọ iná ni, pé ọkọ̀ ojú irin ló gbé e dé Ọ̀fà, Ìdó ni wọ́n wá ń gbé e lọ. Èmi kò bèèrè ohun tí iná ń fi ẹ̀rọ ṣe. Àtùpà wa ń jó, ó tó wa. Ohun tó fa ojú mi mọ́ra ni àmì tí mo rí nígbà tí atẹ́gùn ká tapólì náà sókè: òrùka kan, tí ohun kan bíi mànàmáná gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo ti rí àmì yẹn rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti rí i. Ọkọ mi ni àkọ́bí alágbẹ̀dẹ. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé mi wọlé tó fi ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nídìí rélùwéè, kí òun lè rí nǹkan mú wálé. Mo sìn ín dé Ọ̀fà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ mi ni mo sá sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan àmì tó wà lára rẹ̀, ó ní, "Wò ó, ìyàwó, àwọn tó ni èyí ni mò ń lọ bá ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ tí mo gbé bọ̀ wálé nìyẹn. Iṣu tuntun jáde, ó tún jáde, ó tún jáde, a kò gbúròó rẹ̀. Ẹnìkan ní wọ́n ti kó wọn lọ sí òkè Ọya. Ẹlòmíràn ní ibà ń pa àlejò lọ́hùn-ún bí ẹní pa eṣinṣin. Nígbà tó yá, àwọn àgbà ẹbí pè mí, wọ́n ní obìnrin kì í fi ojú ọ̀nà ṣe ọkọ, pé bí iṣu ọdún yẹn bá ti wọlé, àwọn yóò ṣú mi lópó fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò yìí kò ṣẹ̀ mí. Ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò wò, èmi náà kò mọ̀. Ṣé opó ni mí ni, àbí aya?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àdá lọ́jà lónìí lè máà mọ èyí: láyé ìgbà náà, agbẹ̀dẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń lù sí ìdí irin rẹ̀. Ti ilé ọkọ mi dàbí ẹsẹ̀ adìẹ. Láti Àsin títí dé Ùsì, bàbá ọkọ mi mọ gbogbo ọwọ́ tó di àdá rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ilé tó jìnnà, àdá ilé ni wọ́n ń fi rán ẹni tó ń lọ. Àdá tó ní èèkù, àlàáfíà ni. Ilé kàn ń bèèrè rẹ ni. Ṣùgbọ́n bí alágbẹ̀dẹ bá kú, wọn á yọ igi èèkù náà kúrò, irin lásán ni wọn á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá gba irin lásán kì í bèèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹkún ló ń gbé bọ̀ wálé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré wọlé tọ ìyá ọkọ mi lọ. "Yèyé, àwọn tó kó ọkọ mi lọ ti dé!" Kí n má purọ́, mo tilẹ̀ ti yọjú wo abẹ́ tapólì náà, bóyá ó wà níbẹ̀. Ọgbọ́n orí mi nígbà yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yèyé so gèlè rẹ̀ le, ó jáde. Òyìnbó kan tó ń tẹ̀lé ẹ̀rọ náà dúró níbi agbẹ̀dẹ pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, tí bàbá ọkọ mi ń rọ ìkọ́ tí wọn yóò fi fa ọkọ̀ jáde.

"Ẹ kú ọ̀nà o," Yèyé fi ohùn ìlú wa wí. "Ulé tó rọ irin yìí, ọmọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ bá wa bèèrè rẹ̀."

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín. "Yèyé, wọn kò mọ ọmọ yín. Wọ́n rọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n tà á. Ìjọba ló rà á, ìjọba náà ló gba ọmọ yín síṣẹ́."

"Ẹ̀rọ iná lẹ gbé wá, ẹ tún ń sọ ti ọkọ̀ ojú irin. Uṣẹ́ mélòó ni wọ́n ń ṣe?"

"Ilé méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, lókè òkun. Ọ̀kan ń rọ ọkọ̀ ojú irin, èkejì ń ṣe ẹ̀rọ iná. Wọ́n wá para pọ̀. Ní báyìí, kò sí ilẹ̀ tí wọn kì í tajà dé."

"Wọ́n fẹ́ ara wọn?"

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Èwo lọkọ, èwo ni ìyàwó?"

Ògbufọ̀ yíjú sí òyìnbó, ó sọ ọ́ fún un. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí epo. Ó ní kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó.

"Háà! Kò sí ọkọ, kò sí ìyàwó, wọ́n sì ń bí irin káàkiri ayé," ni Yèyé wí. "Ta wá ni àwọn ọmọ náà ń pè ní bàbá?"

Bàbá ọkọ mi dá òòlù dúró. "Kí n rọ àdá tán, kí n má mọ ẹni tó ń lò ó? Irú alágbẹ̀dẹ wo nìyẹn?"

Ògbufọ̀ ṣàlàyé títí, ó rẹ̀ ẹ́. Àwa náà gbọ́ títí, ó rẹ̀ wá. Níkẹyìn Yèyé fa àdá kan yọ lára ògiri, èyí tó ní èèkù tó dára, ó gbé e lé ògbufọ̀ lọ́wọ́. "Ulé tó ni àmì ni kí o gbé e fún. Kí wọ́n fi í han ọmọ wa. Ìyàwó rẹ̀ rè é, ọjọ́ tí wọn yóò fi í fún ẹlòmíràn ti ń sún mọ́lé." Ògbufọ̀ wo ojú mi, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun yóò gbé e fún àwọn tó já ẹrù náà ní Ọ̀fà, pé ibùdó kan a máa ránṣẹ́ sí èkejì lójú irin.

Ọkọ̀ náà lọ. Wọ́n gbin iṣu, wọ́n fi igi gbé ìtàkùn rẹ̀, wọ́n wà á. Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà jókòó sí ojúde, obì wà nínú àwo, àbúrò ọkọ mi wọ agbádá tí wọ́n yá fún un, ó ń làágùn. Wọ́n ti mú obì náà sókè láti pa nígbà tí a gbọ́ ẹkún láti ojú ọ̀nà. Ẹkún ọkùnrin ni. Ẹni náà ń bọ̀, ó di irin lásán mọ́yà, ó ń ké pé, "Bàbá mi o! Iná agbẹ̀dẹ kú!"

Bàbá ọkọ mi dìde láàárín àwọn àgbà. "Ta ló kú?"

Ọkọ mi rí bàbá rẹ̀, ó pariwo, ó sì yí padà, ó ń sá lọ. Àwọn kan lára àwọn àgbà náà rí i, àwọn náà ń sá. Olúkúlùkù rò pé òkú ni èkejì. Àbúrò rẹ̀ ló gbá a mú nínú pápá, agbádá ẹni ẹlẹ́ni ya sí ẹ̀gún.

"Bàbá rẹ fẹ́ jẹ obì, ìwọ ń sunkún rẹ̀!" ni Yèyé ń wí, ó ń gbá a léjìká, òun náà ń sunkún. "Ibo ni èèkù àdá mi?"

Èèkù ti ṣẹ́ lọ́nà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ibùdó dé ibùdó, ọ̀rọ̀ Yèyé ti jábọ́, igi ti jábọ́, ó wá ku irin àti ẹsẹ̀ adìẹ tó wà ní ìdí rẹ̀. Wọ́n ń fi í han àwọn òṣìṣẹ́ títí ó fi kan ọkọ mi lókè Ọya, òun náà kò sì bèèrè nǹkan kan. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹni. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ ní èèkù. Ó kàn gbéra ni.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó wo àwo, ó wò mí, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi obì ṣe?" Àbúrò rẹ̀ mú obì náà, ó jù ú sẹ́nu, ó ń rún un bí ẹni pé ebi ló ń pa á.

Ọkọ mi ti dolóògbé báyìí. Nígbà tó dé lọ́jọ́ náà, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ èèkù mìíràn sí àdá náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi ló wà. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí wo ọ̀rọ̀ ilé tó ni àmì náà nínú fóònù rẹ̀, ó ní ilé ọ̀hún ti ta apá iná fún ẹlòmíràn, ti ọkọ̀ ojú irin ló kù lọ́wọ́ wọn. Mo ní, ṣé wọ́n kọ ara wọn ni? Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó tún ń ṣàlàyé. Mo fi í sílẹ̀. Mo ti gbọ́ àlàyé yẹn rí, lẹ́bàá ẹrẹ̀.

Ohun tó ń yí mi lórí kì í ṣe tiwọn. Àlàáfíà la fi ránṣẹ́, ikú ló jẹ́ fún un, ikú náà ló sì gbé e wálé fún mi. Bí èèkù yẹn kò bá ṣẹ́ ńkọ́, ṣé ì bá wá? Mo bi ọkọ mi léèrè títí a fi darúgbó. Nígbà gbogbo, á wò mí, á rẹ́rìn-ín, á ní kí n lọ bá òun bu omi wá.