Òórùn Tí Bàbá Mofẹ́ Fi Mọ Ọmọ Rẹ̀

Àlùfáà ti pe ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ pé kí wọ́n wá tan àbẹ́là tí àwọn ọmọ yóò fi tan tiwọn nígbà tí ìyàwó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tí mo sì gbóòórùn spírítì lára ìbòjú rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni lọ́fíńdà tó wà lára ọmọ náà láti àárọ̀, òróró lásán ni mo sì fi ṣe é. Èyí tí mo gbọ́ yìí ta mí nímú bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kẹ́ẹ̀gì. Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ẹ̀rù àbẹ́là fi ń bà mí, àti bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè wá fi lọ́fíńdà sára ìyàwó.

Alhaja Sìkírátù, ọmọ Ìlọrin, ló kọ́ mi níṣẹ́ lọ́fíńdà ní ọjà New Benin, nílùú Benin. Òróró lọ́fíńdà nìkan ló ń tà, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò kékeré tí kò tóbi ju ìka lọ, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń kírun kò fẹ́ ohun tó ní ọtí nínú. Kristẹni ni mí, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn lásán ni. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó kán òróró kan sí ọrùn ọwọ́ mi, mo sì fi ọwọ́ kejì ra á bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe. Ó gbá mi lọ́wọ́.

"O ti pa á," ni ó wí.

"Kí ni mo pa, Alhaja?"

"Òdòdó tó wà lókè rẹ̀. Ta ní ní kí o lọ̀ ọ́ bí ata? Fi í sílẹ̀ kó jókòó fúnra rẹ̀."

Bí ẹ̀kọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ mi pé òórùn inú ìgò kan kì í ṣe ẹyọ kan, àti pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń lọ. Èyí tó dà bí ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń kọ́kọ́ sá, kò ní bá ọ dé Ring Road. Òórùn òdòdó máa ń bá èèyàn jẹun ọ̀sán. Mísíkì àti igi olóòórùn ló ń bá èèyàn wọlé lálẹ́. Ó kọ́ mi pé ara gbígbẹ ń mu lọ́fíńdà bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ti ń mu omi, nítorí náà kí èèyàn wẹ̀, kó nu ara, kó fi ìpara tí kò lóòórùn pa á, kó tó kán lọ́fíńdà sí ibi tí iṣan ti ń lù: ẹ̀yìn etí, ọrùn ọwọ́, inú ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn orúnkún.

Ọkùnrin kan wá bá mi nígbà ọyẹ́, ó ní mo ti po omi mọ́ lọ́fíńdà òun. Mi ò bá a jà. Mo mú ìpara tí èmi fúnra mi ń lò, mo fi pa apá rẹ̀ kan, mo fi èkejì sílẹ̀, mo kán lọ́fíńdà kan náà sí méjèèjì, mo ní kó lọ yí ọjà ká. Nígbà tó padà, ó gbóòórùn apá kan, ó sì gbóòórùn èkejì. Ìpara mi ló wá ń bẹ̀ pé kí n tà fún òun.

Nígbà tí Alhaja padà sí Ìlọrin, mo gba ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ọkùnrin ọmọ Edo kan tí gbogbo wa ń pè ní Brọ́dà Osa ló wà ní ẹ̀gbẹ́ mi. Spírítì ló fi ń la lọ́fíńdà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fọ́n. Ọmọlúàbí ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń rọ spírítì láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò, ẹnì kan sì ń fi iná jó ẹnu okùn kó má baà tú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé iná spírítì kì í fara hàn nínú oòrùn. Mi ò rí iná kankan. Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni mo rí níwájú ẹnu ọ̀nà, mo sì rí Brọ́dà Osa tó ń gbọn ara rẹ̀ bí ẹni tí ìjàlọ gùn. Mo na ọwọ́ sí i kí n fà á jáde. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé apá aṣọ mi ti ń jó.

Mo yè é. Òun kò yè é.

Láti ìgbà náà ni apá òsì mi ti bó, láti ìka dé èjìká, ó sì gun ọrùn díẹ̀. Awọ tó jó kì í làágùn, kì í sì í lọ́ràá. Ohun tí mo bá kán sí i, kí oníbàárà tó yọwó tán, ó ti lọ. Mo wá ń fi apá ọ̀tún dán ọjà wò, mo sì ń fi aṣọ bo ti òsì. Mi ò ta ohun tí wọ́n ń fọ́n mọ́. Nílé, bí wọ́n bá mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì la ń lò. Àwọn ọmọ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń di àbẹ́là mú.

Mofẹ́, ìyàwó tí mo ń sọ yìí, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku bí oṣù díẹ̀. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́, Benin ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n pijin ló fi ń fèsì. "Àǹtí, e no dey stay for my body," ni ó sọ fún mi, pé lọ́fíńdà kì í pẹ́ lára òun, ó sì na ọwọ́ sí mi bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n wo egbò òun. Mo fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ gbẹ bí ìwé.

Mo rò pé nítorí ọkọ ni. Nígbà tó mú mi délé wọn ní Ogida ni mo tó mọ̀ pé nítorí bàbá rẹ̀ ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ọmọ Èkìtì, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ pátápátá. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi láìfi bò.

"Ìyá Dárà, tó bá sọ̀rọ̀, màá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, ariwo á pọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa dì mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tọ́ka ọmọ mi fún mi bí àlejò; òórùn rẹ̀ ni mo fẹ́ fi mọ̀ ọ́n. Mi ò sì fẹ́ lọ gbàdúrà ìdágbére lé ọmọ ọlọ́mọ lórí."

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, nítorí pé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru Benin kì í ṣe nǹkan kékeré. Mo kọ́kọ́ lo òórùn rósì, torí pé òun ni Mofẹ́ fẹ́ràn. Ó lò ó lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jọ wọlé láìsọ̀rọ̀ bí a ti ṣètò rẹ̀. Bàbá gbé imú sókè, ó dúró díẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú ọmọ kejì. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Mofẹ́ wọ yàrá lọ, kò sì tètè jáde.

Mo padà lọ ṣe òmíràn. Mísíkì àti sándà, igi olóòórùn, ni mo fi ṣe ìdí rẹ̀, mo fi rósì díẹ̀ lé e lórí nítorí ìyàwó. Mo ní kó máa fi ìpara pa ara láràárọ̀ láti ọjọ́ náà lọ, kí òùngbẹ má baà máa gbẹ awọ rẹ̀ nígbà tí ọjọ́ bá pé. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo kán òróró sí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó wẹ̀ tán, kí wọ́n tó wọ aṣọ fún un, kó má baà ta sí aṣọ funfun. Mo rẹ òwú díẹ̀ sínú rẹ̀, mo sì há a sí àyà àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò ní gbóòórùn rẹ̀.

Ìyẹn ló kó bá wa. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó ti Èkó wá sún mọ́ ọn, ó ní òun kò gbóòórùn nǹkan kan, ṣé omi ni mo fi pa ìyàwó lára ni. Mo ṣàlàyé. Ó fi ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n má ṣèyọnu. Mi ò mọ̀ pé ìgò ńlá lọ́fíńdà kan tí wọ́n ń fọ́n wà nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá àlùfáà láti lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, ó bá wọn wọlé láti tún ìbòjú tò. Nígbà tí wọ́n jáde, ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ wà lọ́wọ́ kejì, inú rẹ̀ sì dùn.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìbòjú náà gùn dé ilẹ̀, ó tutù rinrin. Tábìlì àbẹ́là kò ga. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé bí ó bá gbiná, kò sẹ́ni tí yóò tètè rí i.

Mo fẹ́ pariwo, mo sì dá a dúró. Bí èèyàn bá ké "iná" láàárín èrò bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan á ṣe wọ́n léṣe. Bàbá Mofẹ́ ló jókòó níwájú mi gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Mofẹ́ padà. Wọ́n ti fọ́n spírítì sí ìbòjú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dé ìdí àbẹ́là báyìí."

Ó gbé orí sókè. "Mofẹ́ ló kọjá yẹn? Mo rò pé ẹlòmíràn ni."

Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde, ó sì pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń pe ọmọ iléèwé ló lò, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì dákẹ́. Ó ní òun fẹ́ súre fún ọmọ òun kó tó tan iná ilé tirẹ̀. Ta ló máa sọ pé kí bàbá ìyàwó má súre? Mofẹ́ padà, ó kúnlẹ̀. Bàbá na ọwọ́, wọ́n gbé e lé e lórí, ó sì yí ẹnu sẹ́yìn sí mi.

"Kí n pẹ́ tó báwo?"

"Títí ẹ ò fi ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, Bàbá."

Spírítì kì í pẹ́ nílẹ̀, fífò ló ń fò. Ohun tí Alhaja fi ń bú u gan-an ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyàwó, mo na ìbòjú náà sí ọ̀nà fèrèsé, mo sì ń fi ìwé orin fẹ́ ẹ. Bàbá dúpẹ́ fún ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ó dúpẹ́ fún àwọn tó kọ́ ọ níwèé. Ó súre fún ọkọ, fún ìyá ọkọ, fún òrùlé wọn, fún kànga wọn. Àlùfáà ṣe "Àmín" kan tó nípọn, tí a mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ẹbí tó ti lọ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Àǹtí tó ti Èkó wá tẹ̀ mọ́ mi. "Ìyá Dárà, ẹ máa fẹ́ òórùn yẹn dànù o."

"Ooru ló mú ọmọ, mà," ni mo fèsì. Ọwọ́ mi kò dúró.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sún mọ́ orí ọmọ rẹ̀, ó fà á sínú. Àárín ọ̀rọ̀ ló ti já a. "Ní orúkọ Jésù," ni ó wí, ó sì jókòó.

Mofẹ́ tan àbẹ́là náà. Mo di àga mú títí ó fi padà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ì bá jó. Mi ò sì fẹ́ mọ̀. Bàbá ní àárín àwa méjì ni ọ̀rọ̀ náà máa wà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, bí ìyàwó bá wá bá mi, kí n tó béèrè òórùn tó fẹ́, mo máa ń béèrè bóyá wọ́n á tan àbẹ́là, àti ẹni tí yóò wà nítòsí rẹ̀ pẹ̀lú ìgò.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, nígbà tí wọ́n gbé kéèkì jáde ní gbọ̀ngàn àríyá pẹ̀lú iná tó ń ta pàrà lórí rẹ̀, mo ti wà lẹ́nu géètì. Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ fi dé. Wọ́n mú Bàbá jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó yí i ká, wọ́n ń dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, olórin ṣì ń lu tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí. Mofẹ́ gba ẹ̀yìn wọn wá. Ó ti ń làágùn láti ọ̀sán, àtíkè ojú rẹ̀ ti ń ṣí. Kò sọ̀rọ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mi mú.

Bàbá gbé imú sókè. Ó yí padà, ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Mofẹ́," ni ó wí, "mo ti lo àdúrà tán ní ṣọ́ọ̀ṣì. Máa lọ, ìyá mi."

Ìgbà náà ni mo tó tú apá mi sílẹ̀.