Ìlà Tí Mo Fò

Òórùn ìwé tí òjò pa ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ilé ìkàwé wa ní Ẹgbẹ́dá nígbà náà, nítorí òrùlé ń jò sórí àwọn ìwé ìlera. Kọ̀ǹpútà kan ni mo ń jókòó tì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á pè mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi á wá ìdáhùn nínú ìwé, màá sì kà á fún un.

Bàbá kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń pè jù, torí ojú wọn ò ríran kàwé mọ́. "Ọmọ mi, ṣí ìwé fún mi jàre," bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ò rí ara wa rí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ohùn wọn.

Lọ́jọ́ Túsìdé kan, wọ́n ní, "Ajá mi gé mi jẹ lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Kí ni ìwé wí?" Ìwé ní kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò dáadáa, kí wọ́n sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ka ìyẹn. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní tí àrùn ajá dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló kù. Ojú mi rí i, ẹnu mi fò ó. Ta ló fẹ́ dárúkọ ikú sí àgbàlagbà létí? Mo kàn ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, bàbá, kó má baà di wàhálà." Ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wàhálà kẹ̀? Ajá tí mo fọwọ́ ara mi tọ́! Màá lọ tí ara bá tù mí ṣá."

Ó lé lóṣù kan kí nọ́ńbà wọn tó tún pè. Ọmọbìnrin wọn ni. Ó ní bàbá ò lè gbé omi mì mọ́, tí wọ́n bá ti rí ife omi, gbogbo ara wọn á máa gbọ̀n, àwọn dókítà sì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ahọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó nínú ìwé." Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á tán.

Ó ní kí n tún ìlà ikú yẹn kà, mo sì tún un kà. Ó wá bi mí pé, "Ṣé ìlà yẹn wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá mi pè yín?"

"Ó wà níbẹ̀."

Kò bú mi. Ó ní, "Ẹ ṣé," ó sì gé ìpè náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí orúkọ àti àwòrán wọn lórí bébà ìkéde òkú lára ògiri kan ní Ìṣẹ̀rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ojú wọn nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń sunkún.

Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí ìwé bá wí ni mò ń kà. Àwọn àgbà kan ti bú mi pé n kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ní kí wọ́n máa bú mi lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo ní lọ́jọ́ Túsìdé yẹn ló ń dùn mí.