Orúkọ Tí Tẹjúmọ́lá Ń Pè Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Kọ̀nténà

Tẹjúmọ́lá kì í ṣe ẹni tó ń sá fún iṣẹ́. Kó tó di pé òjò sé e mọ́ inú kọ̀nténà, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìkẹ́rùsí àwọn ará Íńdíà kan ní Àpápá, àwọn tó ń kó ìkòkò onírin wọlé láti òkè òkun. Iṣẹ́ tálì, ìyẹn kíka ẹrù, ló ń ṣe. Bí àwọn alábàárù bá já ẹrù kọ̀nténà dé ìdajì, òun á wọ inú lọ́hùn-ún, á há ara rẹ̀ sáàárín páálí àti irin, á wo iye tó kù àti èyí tí omi ti kàn. Iṣẹ́ yìí ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ tí àìsàn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà ní ìdí kọ̀nténà lọ́hùn-ún nígbà tí òjò dé láìṣú. Àwọn alábàárù ò fẹ́ kí omi kan páálí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa irin rẹ̀ dè, wọ́n sá lọ sábẹ́ òrùlé. Stanley, tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ibẹ̀, rò pé Tẹjúmọ́lá ti lọ sí ọ́fíìsì. Tẹjúmọ́lá gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ta ni yóò gbọ́? Òjò ń lu irin bí ẹni ń da òkúta. Orúkọ Jésù ló ń pè nínú òkùnkùn yẹn, ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìgbà tí òjò dá ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé ẹnu kọ̀nténà, èémí rẹ̀ á há, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ̀.

"Aunty Tẹ́jú, na container be dis o, no be grave," Stanley á wí. "Ẹ wọlé jàre."

"Stanley, bó o bá tún yanu, páálí ni màá fi dí i."

"Ẹ má bínú o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń de èṣù ní ṣọ́ọ̀ṣì, container wá de ẹ̀yin náà!"

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ò sì ní kúrò níbi tó wà. Kò pẹ́ tí máníjà fi pè é pé bí oṣù bá parí tí kò bá lè wọnú kọ̀nténà, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwa ará ìjọ rẹ̀ gbàdúrà fún un. Mo wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà léjìká rẹ̀. Màmá Jọmílójú, aṣáájú ẹgbẹ́ aládùúrà ìjọ wa ní Olódì, fi òróró pa á lórí, ó fi pa á lẹ́sẹ̀. A gbààwẹ̀. A rán Ọlọ́run létí Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹsẹ̀ náà kọ̀.

Ìyá àgbà ará Íńdíà kan wà ní ọ́fíìsì wọn, Madam Shanta, tó ń bójú tó ìṣirò owó. Ó ti pẹ́ ní Àpápá débi pé bí ènìyàn bá kí i ju bó ṣe yẹ lọ, á fi Yorùbá bi í pé, "Èló lo fẹ́ yá?" Láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á bọ́ bàtà sílẹ̀, á dijú, á máa fi àtàǹpàkò yí ìlẹ̀kẹ̀ kan bíi tẹ̀súbà, á máa pe ọ̀rọ̀ kan náà ní àpètúnpè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òun ló rí Tẹjúmọ́lá tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀nténà. Ó fà á lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì, ó ní kó jókòó.

"Mí sínú. Bó o bá ń mí síta, máa bá mi pè é. *Óòm, namò Nàràyanáyà.*"

Ó pè é. Ó tún pè é. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ geere. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù mìíràn wá dé.

"Mà, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Mo tẹríba fún Nàràyánà."

"Ta ni Nàràyánà?"

"Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run wo? Èmi ní Ọlọ́run tèmi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú sọ fún mi pé èémí lásán ni, kí n lè máa ṣe é."

Madam Shanta bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá mi kú pẹ̀lú orúkọ yìí lẹ́nu. Mi ò lè pè é ní èémí lásán nítorí kó lè rọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

Tẹjúmọ́lá dìde, ó dúpẹ́, ó jáde. Lọ́jọ́ kejì ó gbìyànjú láti fi orúkọ Jésù sínú èémí kan náà lẹ́nu kọ̀nténà. Èémí há. Ó sọ ọ́ fún mi bá a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀: "Bí mo bá ti pè é níbẹ̀ yẹn, inú òkùnkùn ọjọ́ náà ni mò ń padà sí. Ibẹ̀ ni mo ti pè é tí kò sẹ́ni tó dáhùn."

Mo ní, "Ó dáhùn. Ṣebí òjò dá."

Ó wò mí. "Òjò wo ni kì í dá?"

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo padà sílé.

Bó ṣe padà sọ́dọ̀ Madam Shanta nìyẹn. Ó kọ́kọ́ kọ̀ láti bọ́ bàtà, ó ní bàtà òun ò ní í kúrò lẹ́sẹ̀ fún ọlọ́run àjèjì. Nígbà tó yá, ó bọ́ ọ. Láràárọ̀ ló ń jókòó tì í, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa Óòm náà gùn títí àyà yóò fi máa kùn, àti pé ènìyàn kì í fi ìkánjú ṣe é. Nílé, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń pè é lábẹ́ ahọ́n. Ìyá rẹ̀ rò pé orin tuntun ni ìjọ kọ́ ọ, ó ní ó dùn, kó gbé e sókè díẹ̀. Kí oṣù tó parí, Tẹjúmọ́lá wọnú kọ̀nténà, ó sì jáde.

"Aunty Tẹ́jú don enter o!" Stanley kígbe. "God don do am!"

Tẹjúmọ́lá kọjá sí kọ̀nténà tó kàn. Bó bá délé, á kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì fún ohun tó mọ̀ pé òun á tún ṣe lọ́la. Bó bá fi í sílẹ̀, kí ni ìyá rẹ̀ yóò jẹ? Bó bá ń ṣe é lọ, ta ló ń sìn?

Ní àdúrà òwúrọ̀ Sátidé kan, òjò tún dé. Fidelis, ọ̀kan nínú àwọn ọ́ṣà wa tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Òrùlé páànù ni tiwa. Bí òjò bá lù ú, agbára káká lo fi máa gbọ́ ara rẹ. Gbogbo wa wà nínú ẹ̀mí, oníkálukú ń fèdè tuntun. Tẹjúmọ́lá nìkan ni kò rí èdè gbà rí nínú ẹgbẹ́ wa, ó sì máa ń dùn ún. Mo rí i tó di àga mú. Lójijì ni ohùn rẹ̀ jáde, ó wúwo, ó ń lọ, ó ń bọ̀: *Óòm, namò Nàràyanáyà.* A dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Jọmílójú, ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ìtumọ̀ èdè, na ọwọ́ sókè.

"Báyìí ni Olúwa wí: Ọmọbìnrin mi, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọ, Èmi ni mo ṣí i. Kò sí ẹni tí yóò tún lè tì í."

Àmín wa borí òjò. Mo sunkún. A dì mọ́ ọn, a ní ẹ kú oríire, ó ti rí èdè gbà. Kí a tó túká, wọ́n ti fi í síwájú àwọn tí yóò darí àdúrà ní Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ìyá. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi, ó ní kí n sin òun lọ bá Màmá. A bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èdè tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ló ni í. Ọ̀gá mi kan níbi iṣẹ́ ló kọ́ mi."

Màmá ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. "Ta ló tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Àwa tá a wà níbí nìkan, mà."

"Kó mọ síbẹ̀." Ó ju òkúta kan nù. "Tẹjúmọ́lá, mo gbọ́ ohùn kan. Mi ò dá a sọ. Bí tìẹ ò bá jẹ́ èdè Ẹ̀mí, kí ni mo wá túmọ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Nítorí náà, bó o ṣe sọ ọ́ lo máa tún un sọ. Ọlọ́run tó fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá Báláámù sọ̀rọ̀ lè lo ohunkóhun."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Báláámù ò purọ́, mà."

Màmá pòṣé. "Ẹ máa lọlé."

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn ìyá pé, wọ́n gbé makirofóònù fún un. Dùùrù rọlẹ̀. Gbogbo ọwọ́ wà lókè, a ń dúró de èdè. Tẹjúmọ́lá gbé makirofóònù sẹ́nu. Ó wá fi Yorùbá sọ ọ́, bí ẹni ń bá ará ilé sọ̀rọ̀: "Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí. N kò tíì rí èdè kankan gbà. Èyí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sìn mìíràn ni mo ti kọ́ ọ, òun ni mo sì fi ń wọnú kọ̀nténà."

Ẹnìkan ní, "Jésù, gbà wá." Màmá Jọmílójú gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá orin. Kò túmọ̀ nǹkan kan.

Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn títí yóò fi fi orúkọ àjèjì náà sílẹ̀. Kò tíì fi í sílẹ̀. Mo bi í bóyá ó tún ń gbìyànjú orúkọ Jésù lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀nténà yẹn. Ó ní ojoojúmọ́ ni. Orúkọ Jésù lòun kọ́kọ́ ń pè, òun á dúró díẹ̀, kí òun tó pe èkejì.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò dé láàárín ìwàásù, Fidelis wá ti ilẹ̀kùn. Tẹjúmọ́lá na ẹsẹ̀ sí i kó má lè pa dé.

"Sister, òjò á wọlé o."

"Kó wọlé."

Omi rin ìró rẹ̀ dé orúnkún, kò fa ẹsẹ̀ padà. Níwájú, Màmá Jọmílójú ń túmọ̀ èdè ẹlòmíràn, gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn ná.