Ẹsẹ̀ Mùíbátù Lára Ògiri

Tí àwọn ilé iṣẹ́ bá ti ń jáde nírọ̀lẹ́ ní Ọ̀tà, ẹ máa rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹyin mọ́lẹ̀. Kì í ṣe fáàrí o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Mùíbátù wà lára wọn. Bísíkíìtì ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó dúró síbi tí ẹ̀rọ ti ń tú u jáde, kó máa ṣa èyí tó fọ́ kúrò, kó máa to èyí tó dára sínú páálí. Ìdúró ni láti àárọ̀ títí ṣíìfù á fi parí. Kò sí àga níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá jókòó, oorun á gbé e lọ, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin yẹn, mo fi dá yín lójú, orí ìjókòó ló wà nígbà tó ń ṣe é. Wọ́n sì gbé omi tútù síwájú rẹ̀.

Àmọ́ oorun náà kò gbọ́ òfin. Ó ń gbé wọn lọ lórí ìdúró. Mùíbátù mọ bí wọ́n ṣe ń lajú sílẹ̀ sùn lọ. Bísíkíìtì á máa ṣàn bọ̀ pẹ̀lú òórùn bọ́tà àti ṣúgà, ariwo ẹ̀rọ á di ohùn kan ṣoṣo, bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Nígbà mìíràn, inú odò ẹ̀yìn ilé wọn àtijọ́ ló máa ń bá ara rẹ̀, omi á mù ún dé orúnkún, á tutù nini. Nígbà mìíràn, á rí i pé orí ìkùukùu lòun jókòó sí, ẹsẹ̀ òun ń mì dirodiro, kò kanlẹ̀. Èyí ló fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ náà sì ni Silas, súpáfáísọ̀ wọn, ti máa ń já a gbà.

"Madam, stand well! You dey sleep?"

"Mi ò sùn o, ọ̀gá."

Tó bá padà sáyé bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kí i káàbọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún, ẹ gbà mí! Ó wú láti kókósẹ̀ dé ìsàlẹ̀ orúnkún, iṣan ta kókó sẹ́yìn rẹ̀. Tó bá bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nílé, ojú ìbọ̀sẹ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀ títí ó fi máa jẹun alẹ́. Kò sí ohun tí kò fi sí i. Ó ti gbé e sínú omi gbígbóná oníyọ̀, ó ti fi àdín àgbọn pa á, ó ti fi ìpara tó ń ta bí ata kùn ún. Rauf ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà ní Joju níbi tí wọ́n ń gbé, máa ń fi òrí bá a ra á. Èèyàn dáadáa ni Rauf, àmọ́ ọwọ́ tó ti ń mú irin láti àárọ̀ kì í tètè rántí pé ara èèyàn ló wà níwájú òun.

"Bàbá Al-Ameen, ẹ rọra o. Kì í ṣe géètì."

Rauf á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti ń rọra tẹ́lẹ̀. Ìrora náà á rọlẹ̀ díẹ̀, tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á tún dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé rèé nígbà tí ìròyìn jáde níbi iṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ mú lára àwọn kásúà, kí wọ́n sọ wọ́n di sítáàfù. Kásúà ni Mùíbátù láti ìgbà tó ti débẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń dúró lẹ́nu géètì, kí wọ́n tó nawọ́ sí ẹni tó máa wọlé lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì ní kí àwọn tó kù máa lọ sílé. Ó ti sú u. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé nígbà náà ju kó wọlé bí ẹni tí wọ́n ń retí. Silas ò sì fi ọ̀rọ̀ náà bọpo bọyọ̀ fún wọn. Ó ní ẹni tó bá lè dúró ni wọ́n máa mú.

Ló bá gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Olúkẹ́mi lọ. Ọmọbìnrin kan báyìí ni, iṣẹ́ Olúwa ló gbé òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Ọ̀tà, òun ló ń tọ́jú wọn ní yàrá kékeré tí wọ́n ń pè ní kíláníìkì níbi iṣẹ́. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà, ojú ìka náà jìn síbẹ̀, kò tètè padà.

"Ìyá Al-Ameen, ẹ̀jẹ̀ ti kóra jọ síbí. Ìdúró ti pọ̀ jù, kò rọ́nà gòkè mọ́. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ yín méjèèjì kọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́."

Mùíbátù fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí oògùn kankan tí mo lè lò?"

"Oògùn wo ló tún ju ìyẹn lọ, mà? Ọ̀fẹ́ ni ògiri."

Kò mọ̀ ni. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Nílé tí wọ́n ti bí Mùíbátù nínú Ọ̀tà, èèwọ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ògiri, ìyá rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tì lọ sọ́run yẹn. Mùíbátù ṣì kéré gan-an nígbà tí Ìyá Fàtímọ̀, ìyá rẹ̀, fi ìgbálẹ̀ lu ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lára ògiri. "Sọ ọ́ kalẹ̀! Kí ni mo fi ṣe ọ́ tó o fẹ́ pa mí?" Ó ti dàgbà báyìí, ó ti bímọ, ó ti gbọ́ wáàsí lóríṣiríṣi pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀sìn, ó sì ti ṣe àmín sí i. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ògiri mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá kan ṣoṣo ló ní.

Ìrora ló borí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rauf ò tíì dé, àwọn ọmọ wà ní ilé kéwú, Mùíbátù ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ó ṣe bísímílà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Ògiri tutù. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wálẹ̀ nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí omi tí wọ́n dẹ ẹnu kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Gbogbo ìdúró ọjọ́ náà ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Ó ń wo àjà ilé, àjà náà sì di ilẹ̀ lójú rẹ̀, pápá funfun kan tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò ní páálí, tí fáànù hù láàárín rẹ̀ bí òdòdó. Ó ń rìn kiri lórí pápá náà, kò wúwo rárá. Fèrè àwọn mọ́tò láti ìdí afárá Sango ń dún, ó jìnnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn létí. Omijé ń bọ́ sínú etí rẹ̀, kò nù ún. Ara tù ú débi tó fi ń bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró gbọnyingbọnyin. Ó tún ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tún ṣe é títí ọ̀sẹ̀ fi fẹ́ parí. Silas alára wò ó, ó ní, "Madam, you don strong o!" Ibi tí Mùíbátù ti ń rẹ́rìn-ín yẹn ni fóònù rẹ̀ ti dún. Hajarat ni, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Ìyá ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá."

Nílé ìwòsàn, dókítà sọ pé ibà ni, àti pé ìyá kì í jẹun dáadáa. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ibà. Ẹsẹ̀ ni Mùíbátù gbọ́. Ó wo ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ti rù, ó ti kéré, Mùíbátù sì búra nínú ara rẹ̀ pé òun ò tún ní dán an wò mọ́. Ara ìyá yá, wọ́n gbé e lọ sílé. Ìbúra ò kúrò ńlẹ̀. Tó bá ń nu ilẹ̀, Mùíbátù ò jẹ́ kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ògiri. Ẹsẹ̀ náà tún wú padà, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí ó fi di ọjọ́ kan tó fara ti ẹ̀rọ, tí páálí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Silas ò pariwo. Ó fa Mùíbátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó lọ sinmi lọ́la, pé ọ̀tunla ni wọ́n máa yan èèyàn, àti pé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì rí báyìí lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Kí n má da ọkàn yín láàmú: wọ́n mú un. Sítáàfù ni Mùíbátù bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Fàtímọ̀ náà ò kú, ó wà ní Ọ̀tà, ó ń bá àwọn ará ilé jà lórí ẹni tí kò pa ẹnu ẹ̀rọ omi dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá wá kí i ní Joju. Ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ó wo ẹsẹ̀ náà.

"Mùíbá, ta ló gbé ẹsẹ̀ ẹlòmíì wọ̀ ọ́?"

"Iṣẹ́ ni, Màámi."

"Ṣé wọn ò sọ nǹkan tó o lè ṣe sí i ni?"

Mùíbátù fẹ́ purọ́, irọ́ náà ò jáde. Ó bú sẹ́kún. "Wọ́n ní kí n máa gbé e kọ́ ògiri. Mo gbé e, Màámi. Mo gbé e ni ẹ fi ṣubú. Èmi ni mo fẹ́ pa yín."

Ẹ má rò pé ìyá rẹ́rìn-ín o, pé ó ní irọ́ ni. Ìyá gbà á gbọ́. Ìyá tirẹ̀ ló sọ fún òun náà, kò sì gbé ẹsẹ̀ kọ́ ògiri títí wọ́n fi sin ìyá náà. Ó jókòó, ó ń wo ògiri. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró kó le.

"Fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Rárá o, Màámi."

"Mo ní kó o fẹ̀yìn lélẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú gìgísẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó gbé e. Mùíbátù mú ẹsẹ̀ le mọ́ ọn lọ́wọ́. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ kú!"

"Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, kì í ṣe ìwọ lo tì mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e. Ọlọ́run ń wò wá."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé ògiri, kò sì fi í sílẹ̀. Ó dúró tì í, ó dì í mú níbẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ohun tó máa ń rìn wálẹ̀ nínú ẹsẹ̀ Mùíbátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àjà ilé ń jìnnà lọ, ó ń di pápá. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá rẹ̀ wà nínú pápá náà, ó tóbi, ó ga, bó ṣe rí nígbà tí Mùíbátù ṣì ń rá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ kó tó rí i pé orúnkún ìyá ń gbọ̀n nínú ìró.

"Màámi, ẹ jókòó. Ara yín ṣẹ̀ṣẹ̀ yá ni."

"Sùn, jàre," ni ìyá wí. "Ìwọ ti dúró tó. Jẹ́ kí n bá ọ dúró díẹ̀."