Omi Oníyọ̀ àti Ṣúgà

Lánàá, mo ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún ọmọ mi tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí ṣíbí ṣe ń kan ara ife ni mo bá ara mi ní Àgbọ̀wá, nílé ìyá bàbá mi, nígbà tí mo ṣì kéré.

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ gba gbogbo yàrá. Àbúrò mi ti ń yàgbẹ́ láti àárọ̀, kò sì tọ̀ rárá, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìyá àgbà di ife mú mọ́ ìyá mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, má fún un mọ́! Omi tó o ń rọ sí i lẹ́nu náà ló ń yà jáde."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọsibítù ni wọ́n ti kọ́ wa. Tá ò bá fún un, omi ara ẹ̀ máa gbẹ."

Ìyá àgbà jọ̀wọ́ ife. "Bísímílàhì," ni ìyá mi ń wí lórí ṣíbí kọ̀ọ̀kan. Èmi ò mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń lé. Ṣúgà ni mo rí.

"Mọ́mì, inú ń run èmi náà."

"Olójúkòkòrò, jókòó síbẹ̀!"

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ìfun ní ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run fi purotéènì ṣe, níbi tí iyọ̀ àti ṣúgà ti jọ ń wọlé, tí omi á sì tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí àárẹ̀ mú ìyá mi, Ìyá àgbà gba ọmọ náà, tòun ti aṣọ mímọ́ tó fẹ́ fi kí ìrun Alásárì lọ́rùn. Àbúrò mi bá tọ̀ sí i lára, ó tọ̀ dáadáa.

"Alihamudulilahi!" ni Ìyá àgbà pariwo. "Tọ̀ sí i, ọkọ mi, tọ̀ sí i!"